Orí Kẹfà: Jíìnì Tó Yarí

Ìyá kan ní Òkèhò lè bí ọmọ méjì, kí àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù gbé SS fún àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kí àìsàn wọn má fara jọra. Ojú ẹ̀gbọ́n pupa rúsúrúsú, ibà pọ́njú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Egbò kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jinná tó tún ń là, wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára títí ìyá ò fi rántí iye ìgbà mọ́. Ojú àbúrò mọ́ kedere. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, eegun itan àti eegun ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ilé ò ní í sùn. Àwọn àgbà mọ àìsàn yìí tipẹ́. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n sì sin ní àbíkú, òun ló pa wọ́n. Ohun tí kò yé wọn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ìyá méjì. Ṣé SS ju ẹyọ kan lọ ni?

Ẹyọ kan ni. Jíìnì mìíràn ló ń dá sí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́lẹ̀, jíìnì yẹn ló sì ṣe orí kunkun nígbà tí àwọn onímọ̀ fẹ́ kà á. Orí yìí dá lórí bí wọ́n ṣe fi èròjà mélòó kan tí owó wọn kò tó nǹkan tù ú lójú, títí tó fi gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ jíìnì tó yarí yìí. Hẹmoglóbíìnì ló ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, òun ló sì ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Ègé mẹ́rin ló para pọ̀ di hẹmoglóbíìnì kan: méjì ń jẹ́ álífà, méjì ń jẹ́ bẹ́tà. Jíìnì bẹ́tà wà lórí kromosóòmù 11, ibẹ̀ ni S ti wá. Lẹ́tà kan péré ló yí padà, A di T, gbogbo wàhálà sì bẹ̀rẹ̀. Jíìnì álífà ní tirẹ̀ wà ní ṣónṣó kromosóòmù 16. Ọmọ ń gba méjì lọ́dọ̀ bàbá, ó ń gba méjì lọ́dọ̀ ìyá, mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwa Yorùbá, àti káàkiri ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́rin yìí. Ègé DNA tó sábà máa ń sọnù gùn tó nǹkan bí 3,700 lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní −α3.7 sínú ìwé àyẹ̀wò.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA tó pàdánù ọ̀kan lè gbó kó tọ́ kó má mọ̀. Bó bá pọ̀ tán, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á kéré díẹ̀ sí ti ẹlòmíràn, dókítà á rò pé irin ló kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí kò nílò. Fún ẹni tó jẹ́ SS, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí álífà bá dín, hẹmoglóbíìnì inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á dín, S kò ní í tètè lẹ̀ mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní í máa bẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú pípọ́n á dín, egbò ẹsẹ̀ á dín, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ á dín. Ibi tí kò ti rọrùn ni pé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ara, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ki tó, nítorí náà ìrora eegun kì í dín. Ó tilẹ̀ lè pọ̀ sí i, eegun ìbàdí sì lè tètè bàjẹ́. Ẹ wo ọmọ méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n ní álífà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kí àbúrò ti pàdánù ọ̀kan tàbí méjì. Kì í ṣe òun nìkan ló ń fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wà lára àwọn tó lágbára jù.

Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tí pásítọ̀ àti lẹ́mọ́mù ń bèèrè lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà kò lè sọ èyí fún wa. Àyẹ̀wò yẹn kì í wo DNA rárá. Wọ́n ń fi iná mànàmáná fa hẹmoglóbíìnì gba orí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan, A á sáré síwájú, S á rọra tẹ̀ lé e, wọ́n á sì ka ohun tí wọ́n rí. Ó tó fún ìgbéyàwó. Kò tó láti ka iye álífà tí ẹnì kan ní, nítorí álífà tó ṣẹ́kù kò yàtọ̀ sí èyí tó sọnù. Inú DNA nìkan lèèyàn ti lè rí i.

Ìbàdàn ni iṣẹ́ yẹn ti kọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Falusi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. F. Esan ti Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Douglas Higgs àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford, gbé ìwádìí jáde lórí àìtó álífà ní Nàìjíríà àti bó ṣe ń bá SS rìn pọ̀. Ó hàn níbẹ̀ pé ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe àlejò láàárín wa, ó wọ́pọ̀. Ní 2001, UNESCO àti L'Oréal fún Falusi ní ẹ̀bùn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ lórí jíìnì àrùn ẹ̀jẹ̀ ló sì gbé e débẹ̀. Mo máa ń rò pé a kò pariwo orúkọ ìyá yìí tó. Irinṣẹ́ ìgbà náà lágbára, àmọ́ ó ń tánni ní sùúrù: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀, wọ́n á gé DNA rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí awẹ́ kan, wọ́n á fi èròjà onítàńṣán sàmì sí i, wọ́n á wá fi fíìmù dúró dè é fún ọjọ́ mélòó kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà ní Òkèhò.

Ọgbọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fíìmù ni PCR. Kary Mullis, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Cetus ní Kalifọ́níà, ló ronú kàn án ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1993. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí ni pé àìsàn tiwa yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi han gbogbo ayé pé PCR ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ Randall Saiki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde (kò bá Ṣakí tan o), ohun tí wọ́n sì fi ṣe àpẹẹrẹ ni bí wọ́n ṣe lè mọ ẹni tó ní SS láti inú DNA rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Okùn méjì ni DNA, wọ́n lọ́ mọ́ra. Wọ́n á gbé e sínú túùbù kékeré kan tí gbogbo omi inú rẹ̀ kò ju èyí tó lè rin orí ìka lọ, ẹ̀rọ á wá gbé ooru rẹ̀ dé 95°C kí okùn méjèèjì lè tú. Ooru á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 60°C, kí ègé DNA kéékèèké tí à ń pè ní práímà lè lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí a fẹ́ kà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ooru á tún gòkè dé 72°C, ẹ́ńsáìmù kan á sì máa to lẹ́tà tuntun láti ẹnu práímà lọ. Ọ̀kan ti di méjì. Wọ́n á tún un ṣe, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Bó bá di ìgbà 30, ẹ̀dà tó wà nínú túùbù ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, Taq, inú kòkòrò tíntín kan tó ń gbé inú odò gbígbóná ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i, ìdí nìyẹn tí 95°C kò fi pa á.

Jíìnì bẹ́tà kò yọ wọ́n lẹ́nu. Álífà ló yarí.

Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi kọ DNA: A, T, G, C. A máa ń di T mú, G máa ń di C mú. Ìdè méjì ló wà láàárín A àti T. Láàárín G àti C, mẹ́ta ni. Nínú jíìnì álífà, G àti C sún mọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn á tètè rí ohun tí mò ń sọ: òfì tí wọ́n hun ní fàìfàì, ìka lásán lèèyàn fi ń tú òwú rẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n lù mọ́ra pinpin, èèyàn á fà á títí, gbọingbọin ni yóò dúró. 95°C tó ń tú bẹ́tà ká kò tó láti tú álífà tán. Èyí tó bá sì tú kò ní í dúró jẹ́jẹ́. Bí ooru bá ti ń wálẹ̀, okùn kan ṣoṣo á ká lé ara rẹ̀ lórí, G rẹ̀ á wá C tirẹ̀ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á so kókó. Práímà á dé, kò ní í ráyè. Taq á dé ibi kókó, á já bọ́ lójú ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ pé òfo ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ń mú jáde ni, kò ní í burú púpọ̀. Òfo kì í tan ẹnikẹ́ni. Èyí tó burú ni kó mú ìdajì jáde. Nínú àyẹ̀wò −α3.7, ibi tí jíìnì kò bá ti sọnù máa ń yọ bí ìlà kan ní nǹkan bíi 1,800 lẹ́tà, ibi tó bá ti sọnù máa ń yọ bí ìlà mìíràn ní nǹkan bíi 2,000. Ẹni tó pàdánù ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ tí kò jáde, ìwé àyẹ̀wò á sọ pé kò pàdánù kankan, tàbí pé ó pàdánù níhà bàbá àti níhà ìyá. Irọ́ gbáà ni, ìlà rẹ̀ á sì mọ́ gaara lórí àwòrán, kò sí ẹni tí yóò fura sí i.

Èròjà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi tu jíìnì lójú ń jẹ́ DMSO. Onímọ̀ kẹ́místrì ará Rọ́ṣíà kan, Alexander Zaytsev, ló kọ́kọ́ ṣe é, ní àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, inú iṣẹ́ àwọn tó ń fi igi ṣe bébà ni wọ́n sì ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà lónìí. Omi aláìláwọ̀ ni, ó ki díẹ̀. Bó bá kan ara, kì í dúró lórí awọ, á wọlé lọ tààrà, láìpẹ́ ẹnu onítọ̀hún á máa rùn bí aáyù; nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Nǹkan bíi 18.5°C ló ti ń dì. Nínú ooru ọ̀sán Òkè-Ògùn, kò sẹ́ni tó máa rí i kó dì, àmọ́ ẹni tó bá gbé ìgò rẹ̀ sínú fìríìjì tó wá gbàgbé, gbagidi ló máa bá a lọ́jọ́ kejì.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú túùbù kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ó ń dín agbára ìdè láàárín okùn méjèèjì kù, kì í sì jẹ́ kí okùn tó ti tú ká lé ara rẹ̀ lórí. Bí DMSO bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi inú túùbù, ìwọ̀n ooru tí DNA nílò láti tú á fi bí ìdajì dígírì wálẹ̀. Fi ìdá márùn-ún, okùn tó yarí ní 95°C á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́rọ̀. Kí ló wá dé tí a kò fi ìdá ogún sí i ká sinmi? Ní ìbẹ̀rẹ̀ PCR, kí Taq tó dé, ẹ́ńsáìmù mìíràn ni wọ́n ń lò, ìdá mẹ́wàá DMSO sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé Taq dé, tí wọ́n sì ń fi ìdá mẹ́wàá kan náà sí i, agbára Taq já sí ìdajì. Ohun tó ń tú DNA ń tú ẹ́ńsáìmù náà. Ó tún ń tú práímà, nítorí náà ẹni tó bá fi DMSO sí i gbọ́dọ̀ dín ooru ìgbésẹ̀ kejì kù díẹ̀, kí práímà lè lẹ̀. Láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í méfò. Wọ́n á to túùbù sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀kan kò ní DMSO rárá, ọ̀kan ní ìdá mẹ́ta, ọ̀kan ní márùn-ún, ọ̀kan ní mẹ́jọ, wọ́n á sì wo èyí tí ìlà rẹ̀ mọ́ jù. Mo ti rí àwọn tó ń da DMSO sínú gbogbo nǹkan, títí kan jíìnì bẹ́tà tí kò yarí. Ọ̀lẹ ni mo pe ìyẹn.

Èkejì ni betaine, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí pé ó ti wà lóko wa kó tó dé inú túùbù. Inú irú ewébẹ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ní Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, mọ̀lẹ́bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni ewébẹ̀ ọ̀hún. Tẹ̀tẹ̀ náà ń ṣe é. Ọkà bàbà ń ṣe é: bí òjò bá kọ̀ tí ilẹ̀ gbẹ, bàbà á kó betaine jọ sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí omi má baà jáde tán, kí àwọn èròjà inú rẹ̀ má sì bàjẹ́. Ẹ ò rí i pé ohun tó ń bá bàbà fara da ọ̀dá ní ìhà Òkè-Ògùn kì í ṣe oró fún ẹ́ńsáìmù. Níbi tí DMSO ti ń bá Taq jà bó bá pọ̀, betaine kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé bí betaine bá pọ̀ tó nínú omi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdè G-C àti ìdè A-T á pòórá. Okùn tó kún fún G àti C á máa tú ní ìwọ̀n ooru kan náà pẹ̀lú èyí tó kún fún A àti T. Fún PCR, kò pọn dandan kó tó bẹ́ẹ̀. Ní 1997, Henke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nucleic Acids Research pé betaine ń mú kí jíìnì tó kún fún G àti C jáde dáadáa nínú PCR, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ láàbù sì ń lò lónìí wà láàárín 1 sí 1.5 molar. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní láti lajú: oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Betaine tó ní hydrochloride nínú, èyí tí wọ́n ń tà bí oògùn kí oúnjẹ lè dà, kíkan ni, ó ń ba PCR jẹ́ pátápátá. Betaine lásán tàbí betaine monohydrate ni wọ́n ń wá. Orúkọ wọn jọra lára ìgò, iye wọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló sì ti ṣòfò sórí ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò kà dé òpin.

Lọ́dún 2000, láti Oxford tó ti bá Ìbàdàn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ni ìròyìn ti dé: wọ́n ti fi PCR ka àìtó álífà, ọ̀pọ̀ práímà nínú túùbù kan náà, betaine àti DMSO ló sì mú kó ṣeé gbára lé. Iṣẹ́ onífíìmù tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ di ohun tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó sì parí nírọ̀lẹ́, bí iná kò bá lọ. Lára nǹkan tó kúrò lọ́nà ni ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Díẹ̀ ti tó.

Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀tá tirẹ̀ nínú. Híìmù, èròjà tó di irin mú nínú hẹmoglóbíìnì tó sì mú ẹ̀jẹ̀ pupa, máa ń bá DNA jáde bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, á sì dí Taq lọ́wọ́. Ohun tó ń gbà á kúrò lọ́nà wá láti ara màlúù: èròjà ẹ̀jẹ̀ màlúù kan tí wọ́n ń pè ní BSA. Ó máa ń gbá híìmù mọ́ra kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńsáìmù. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kreader ló fi èyí hàn gbangba ní 1996. Kì í ṣe híìmù nìkan ló dán wò, ó fi èròjà ara ewé àti ilẹ̀ dán an wò pẹ̀lú.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ yà bàrà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ewé kan Òkèhò gbọ̀ngbọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bẹ iṣu, tó bọ̀ ọ́, tó sá a sórí àpáta, mọ̀ pé funfun ni iṣu wọlé, èlùbọ́ rẹ̀ á sì ro àmàlà dúdú. Èròjà kan tí à ń pè ní pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù ló ń dú bó bá kan afẹ́fẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, bá fẹ́ ka DNA iṣu láti fi mọ irú tó lè kojú àrùn, pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù yẹn náà ni wọ́n ń bá wọ̀jà, pẹ̀lú èròjà yíyọ̀ tó ń mú iṣu fà. Méjèèjì máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, wọ́n á sì gbé PCR dúró. Àtúnṣe rẹ̀ ni PVP, èròjà kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ó ń di pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù mú, DNA á sì jáde ní mímọ́. PVP kì í ṣe àjèjì sí wa: òun ni povidone tó wà nínú oògùn ojú ọgbẹ́ aláwọ̀ tábà tí nọ́ọ̀sì ń fi òwú kàn sí wa lára. Àwọn tó ń pọn bíà náà ń lo ìbátan rẹ̀ kí bíà wọn lè mọ́. Ní 2017, wọ́n gbé àkójọ gbogbo jíìnì iṣu funfun jáde, IITA wà lára àwọn tó ṣe é.

Padà sọ́dọ̀ ènìyàn. Túùbù tí nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ sí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ṣe rò lọ. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé sábà máa ń ní heparin nínú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, heparin sì jẹ́ ọ̀tá PCR tí kì í fẹ́ kúrò. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò ní EDTA. EDTA náà kì í ṣe aláìlẹ́bi, ó ń gbá màgnẹ́síọ̀mù tí Taq fi ń ṣiṣẹ́ mọ́ra, àmọ́ ó rọrùn láti fọ̀ dànù, màgnẹ́síọ̀mù díẹ̀ sí i ló sì ń wò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò DNA, ẹ wo ìdérí. Ẹ kò ní í tàbùkù ẹnikẹ́ni bí ẹ bá bèèrè.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ o. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń ta omi àfikún tiwọn nínú ìgò kéékèèké, wọ́n á fún un lórúkọ tó dún, wọn kò sì ní í kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò. Láàbù ilẹ̀ wa á fi dọ́là rà á. Ní 2006, Markus Ralser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà àpòpọ̀ kan jáde fún gbogbo ayé: betaine, DMSO, BSA, àti DTT, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ́ńsáìmù. Wọ́n fi dán ọ̀pọ̀ jíìnì tó yarí wò, ó sì ń bá èyí tó wà lọ́jà figagbága. Gbogbo rẹ̀ ni ọ̀dọ́ onímọ̀ kan lè pò fúnra rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò rí ìdí tí a óò fi máa ra omi tí a lè pò.

Ibi tí kò ti sí àyè fún àṣìṣe rárá ni oyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi 150,000 ọmọ SS là ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS, tó ti lóyún, sì lè fẹ́ mọ̀ kí ọmọ tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju, ẹni tó dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn ní 1999 lórí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ìwọ̀nba ẹran ara tíntín láti inú olóbì ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá lè dà pọ̀ mọ́ ọn, DNA kì í sì pọ̀. Bí DNA bá ti kéré bẹ́ẹ̀, kódà jíìnì bẹ́tà tí kì í yarí lè mú ìhà kan jáde kó fi ìkejì pamọ́, kí ọmọ AS wá dà bí SS lórí ìwé. Nítorí náà, nínú gbogbo ìtò túùbù tó bá wọnú ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a ti mọ̀ pé AS ni gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti túùbù kan tí kò ní DNA kankan. Bí ti AS kò bá mú ìhà méjèèjì jáde, tàbí tí èyí tí kò ní DNA bá mú nǹkan jáde, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò sí àfikún kẹ́míkà tó lè rọ́pò ìṣọ́ra yìí.

Fún àwọn ọmọ tó ti délé ayé, ohun tó máa mú àyẹ̀wò álífà dé Òkèhò ni bébà. Wọ́n á gún gìgísẹ̀ ọmọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kán sórí bébà kíki kan tí wọ́n dìídì ṣe fún un, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, níbi tí oòrùn kò ti ní í pa á, wọ́n á wá kó o sínú àpò ìwé pẹ̀lú èròjà tó ń fa omi. Kò nílò yìnyín. Awakọ̀ tó ń gba Ìsẹ́yìn lọ sí Mọ́níyà lè gbé e sínú àpò rẹ̀. Ní Ìbàdàn, wọ́n á lu ihò róbótó kan tí kò fẹ̀ ju 3 mílímítà lọ jáde lára rẹ̀, DNA inú ìyẹn sì ti tó. Ṣùgbọ́n híìmù gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn ti gbẹ mọ́ ọn, ó sì ti dú. Wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á fi BSA sí i nítorí èyí tó kù, betaine àti DMSO nítorí jíìnì tó yarí, kí wọ́n tó ti ìdérí ẹ̀rọ.